Tábìlì Keje, Àpótí Kejìlá

Èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe iná, kì í ṣe àrá, kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà náà ti gbó. Gbogbo àlàyé wọ̀nyẹn ni wọ́n ṣe lójú mi, mo sì ń mi orí bí ẹni pé òótọ́ ni. Èmi ni mo yọ háàdì inú àpótí kọ̀ǹpútà keje, tí mo fi í sínú àpótí kejìlá, tí n kò kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo sì gbàgbé. Nígbà tó di oṣù kẹrin lẹ́yìn náà, ọwọ́ mi yìí kan náà ni mo fi pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Iṣẹ́ obìnrin kan ni. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe é.

Bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ yìí, ó dà bí ohun tó yé mi. Kò yé mi. Bí mo ṣe gbàgbé yé mi díẹ̀. Èyí tí kò yé mi títí di òní ni bí ènìyàn ṣe lè dúró láàárín àwọn tó ń wá nǹkan, kí òun nìkan mọ ibi tó wà, kí ẹnu rẹ̀ má sì là. Bóyá bí mo bá tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, yóò dúró lójú kan.

Ọmọ Oǹdó ni mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Gẹ̀ẹ́sì gbé mi ṣubú, ni mo bá lọ kọ́ṣẹ́ àtúnṣe fóònù lẹ́bàá ọjà. Alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì màmá mi ló gbọ́ pé ẹ̀ka kan ní yunifásítì kan ní Àkúrẹ́, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa irúgbìn, ń wá ẹni tí yóò máa nu eruku ilé kọ̀ǹpútà wọn, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń tú nǹkan tí wọ́n sì ń tò ó padà. Báyìí ni mo ṣe dé ibẹ̀. Òṣìṣẹ́ ojúmọ́ lásán ni mí.

Bàbá kan ni olórí ilé kọ̀ǹpútà náà, tí wọ́n ń pè ní láàbù. Ọmọ Ìjù ni, “uṣẹ́” ló ń pe iṣẹ́, “ulé” ló ń pe ilé. Látorí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n dé orí àwọn ọmọ ọdún kìíní, Bàbá Láàbù ni gbogbo wọn ń pè é. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ó wò mí látòkè délẹ̀.

“Níbo lo ti wá?”

“Oǹdó ni, sà.”

“Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún. Ṣé o ń gbọ́ràn? Ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹnu yín máa ń ṣáájú uṣẹ́ yín dé ibi uṣẹ́.”

“Mo ń gbọ́ràn, sà.”

“A ó rí i.”

Ogún kọ̀ǹpútà ló wà níbẹ̀, kò sì sí ẹyọ kan tó jẹ́ ti ara rẹ̀ tán. Bí ọ̀kan bá kú, Bàbá kì í jù ú nù. Á tú u, á yọ èyí tó bá ṣì ń mí nínú rẹ̀, á fi gba òmíràn là. “Òkú ló ń bọ́ alààyè níbí,” bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Fáànù àpótí kẹta ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí àpótí kẹẹ̀ẹ́dógún. Àpótí kẹsàn-án, bí wọ́n bá ní kí gbogbo ẹni tó ni nǹkan nínú rẹ̀ wá mú tirẹ̀, ìta rẹ̀ nìkan ni ìbá kù. Nítorí èyí ni ìwé ńlá kan ṣe wà lórí tábìlì Bàbá, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ le bí pákó. Ohun tí a bá yọ, bíírò pupa ni a ó fi kọ ọ́. Ibi tí a bá fi í sí, bíírò búlúù. Lẹ́yìn náà, ọjọ́, àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tú àpótí kankan bí Bàbá kò bá sí nítòsí.

“Èyí tí o bá ṣí nípò tí o kò kọ,” ó wí fún mi lọ́jọ́ kejì, “ìwọ lo jí i.”

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Nọ́ńbà wà lára tábìlì kọ̀ọ̀kan, ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kọ ọ́. Nọ́ńbà tún wà lẹ́yìn àpótí kọ̀ọ̀kan, lórí téèpù. Àpótí keje ló ń jókòó sórí tábìlì keje, àpótí kejìlá lórí tábìlì kejìlá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Òfin tó le jù níbẹ̀ ni ti fláàṣì. Kí n tó dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi fláàṣì gbé fáírọ́ọ̀sì wọlé láti ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé lẹ́nu géètì, ó sì ba kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Látìgbà náà, kò sí fláàṣì tó gbọdọ̀ wọ kọ̀ǹpútà Bàbá. Ẹni tó bá fẹ́ mú iṣẹ́ rẹ̀ jáde, kó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, bí yíǹkì bá wà. Yíǹkì kì í sábà sí. Èmi wá ni ọlọ́pàá òfin yìí. Mo máa ń rìn láàárín àwọn tábìlì, mo ń wo ọwọ́ àwọn tó mọ̀wé jù mí lọ. Mo gbádùn rẹ̀, n kò ní purọ́.

Obìnrin tí mo ń sọ yìí, olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìgbàrà-Òkè, bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ wá. Ó ti lé lógójì ọdún dáadáa, ó sì ń kàwé gboyè dókítà. Ó ní oko kékeré kan ní Bọ́lọ́rundúró tó gbin ọ̀dọ́ igi kòkó sí, oríṣi mẹ́ta, ó fẹ́ mọ èyí tó máa ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀ jù. Lóṣooṣù ló ń lọ wọn gíga wọn, tó ń ka ewé wọn, tó ń ya àwòrán wọn. Ìwé tó ń kọ ọ́ sí lóko, ikán jẹ ẹ́ nílé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bó bá ti kúrò lóko báyìí, láàbù ló ń gbà lọ, orí tábìlì keje lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kó tẹ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, kó tó ju ìwé náà nù. Mọ̀mí ni mo ń pè é.

Lọ́jọ́ kan ó mú fláàṣì jáde nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀. Mo ti dé ẹ̀yìn rẹ̀.

“Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, fláàṣì kì í wọlé níbí.”

“Ọmọ mi, iṣẹ́ mi ni mo fẹ́ kó sí i, kó lè wà níbi méjì.”

“Òfin ni, mà.”

“Òfin ta?”

“Ti Bàbá Láàbù.”

“Bàbá Láàbù dà?”

“Wọn ò sí níbí, mà. Ṣùgbọ́n èmi wà níbí.”

Ó yíjú padà, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ó dáa, sọ́jà. Mo ti fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọnù, ọwọ́ rẹ ni n ó ti béèrè o.” Ó dá fláàṣì padà sínú pọ́ọ̀sì.

Nígbà tó gbọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbé mi ṣubú, ó ní kí n máa kọ àròkọ kan fún òun lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. N kò bẹ̀ ẹ́. Yóò jókòó sórí tábìlì keje, yóò ti kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò fi bíírò gé àròkọ mi sí wẹ́wẹ́, yóò sì máa bá mi ṣàwàdà. “Wo èyí. ‘The goat was happily.’ Ewúrẹ́ yìí ń lọ sí ibì kan, o kò jẹ́ kó dé.” Ìgbà kẹta tí mo ṣe ìdánwò náà, mo yege. Òun ni mo kọ́kọ́ pè, kí n tó pe màmá mi.

Nígbà ọyẹ́ ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Bàbá ti lọ sí Ọ̀wọ̀ fún ìsìnkú àna rẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ló fẹ́ lò. Mọ̀mí wà lórí tábìlì keje lọ́sàn-án, ó ń tẹ iṣẹ́ oṣù náà, iná fò lẹ́ẹ̀kan, ó padà dé pẹ̀lú agbára, àpótí keje sì dún “pọ́”. Òórùn wáyà jíjó gba gbogbo yàrá. Ojú Mọ̀mí funfun. Kò pariwo. Ó kàn gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí kọ̀ǹpútà, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè.

“Ṣé ó ti lọ?” ó béèrè.

Mo mọ̀ pé n kò gbọdọ̀ tú u. Ṣùgbọ́n mo wo ojú yẹn, mo sì tú u. Ohun tó jó ni èyí tó ń pín iná fún un. Háàdì, irin pẹlẹbẹ tí gbogbo iṣẹ́ ń sùn sí, kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo yọ ọ́, mo fi í sínú àpótí kejìlá tí ara rẹ̀ dá, mo fi háàdì ti kejìlá sínú keje kí ihò má baà ṣófo, mo gbé àpótí kejìlá sórí tábìlì keje, mo gbé òkú àpótí keje sórí tábìlì kejìlá. Mo tan án. Iṣẹ́ rẹ̀ jáde, gbogbo rẹ̀, títí dé ìlà tó tẹ̀ kẹ́yìn kó tó lọ jẹun ọ̀sán.

“Dókítà!” Ó pàtẹ́wọ́. “Ìwọ ni wọ́n ì bá fún ní oyè yìí. Èmi kàn ń lọ ń bọ̀ ni.”

Látọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Dókítà.

Mo lọ sídìí ìwé ńlá láti kọ ọ́. Bíírò pupa ti tán. Mo gbọ̀n ọ́n, mo fi ẹnu fẹ́ ẹ, mo fi ya ìlà sẹ́yìn ọwọ́ mi, kò jáde. Búlúù wà. Mo wí lọ́kàn mi pé bí Bàbá bá dé pẹ̀lú bíírò tuntun, n ó kọ ọ́. Bàbá dé. Ó rí òkú àpótí lórí tábìlì kejìlá.

“Kí ló ṣe èyí?”

“Iná ló jó o, sà.”

Òótọ́ ni. Kò bi mí bóyá mo tú u, èmi náà kò sì sọ pé mo tú u. Ó wá ohun mìíràn fi rọ́pò èyí tó jó, ó kọ tirẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú bíírò tuntun, ó bọ́ síbi iṣẹ́ mìíràn. N kò mọ ìdí tí kò fi wo téèpù ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó rẹ̀ ẹ́, ìsìnkú ló ti dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ọ̀rọ̀ náà ti di ohun tí a kì í sọ mọ́. Lẹ́yìn oṣù kan mo ti gbàgbé pé mo ní nǹkan láti sọ. Ẹ má bi mí bí ènìyàn ṣe ń gbàgbé irú èyí. Mo ti bi ara mi.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà tuntun dé. Ìrànwọ́ kan ni ẹ̀ka náà rí gbà. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ fi táìlì sí ilẹ̀, kí wọ́n fa wáyà tuntun, kí wọ́n gbé pánẹ́ẹ̀lì tó ń gba oòrùn sí òrùlé kí iná má baà jẹ wá níyà mọ́. Inú gbogbo wa dùn. Àwọn tó ń fa wáyà ní kí a kó gbogbo nǹkan jáde. A kó tábìlì lọ sábẹ́ igi fúrúùtù, a to àpótí jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí búlọ́ọ̀kù. Nọ́ńbà tábìlì wà níbì kan, nọ́ńbà àpótí wà níbòmíràn. Àwọn àpótí àtijọ́ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Oǹdó, tí kò ní kọ̀ǹpútà kankan.

Bàbá dúró sọ́dọ̀ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Pa inú gbogbo wọn rẹ́ kí wọ́n tó lọ. Àfi àpótí keje. Iṣẹ́ olùkọ́ yẹn wà níbẹ̀. Gbé e lọ sí ọ́fíìsì mi, kí o fi aṣọ bò ó.”

Mo wo ẹ̀yìn àpótí náà lẹ́ẹ̀mejì kí n má baà ṣàṣìṣe. Nọ́ńbà keje. Mo nu ún, mo gbé e lọ bí ẹyin, mo fi aṣọ bò ó. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn yòókù rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ méjì gbáko. Mo dé orí kejìlá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. N kò wo inú rẹ̀. Ta ló ń yẹ iyàrá wò nínú ilé tí wọ́n ní kó wó?

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Mọ̀mí dé láti Ìgbàrà-Òkè. Wọ́n ti fún un ní ọjọ́ tí yóò wá gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, oṣù kan péré ló kù. Bàbá ká aṣọ kúrò, ó tan àpótí keje. Orin ló kún inú rẹ̀, àti iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ ọdún kejì, àti àwòrán ọjọ́ ìbí ẹnì kan.

Mọ̀mí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ ti gbé tẹlòmíràn fún mi.”

Bàbá yí àpótí náà, ó fi nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ hàn án. Ẹ̀rín rẹ̀ tán díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rántí. Kò wá díẹ̀díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà: òórùn wáyà, àtẹ́wọ́ rẹ̀, bíírò tí kò jáde. Mo ní kí n sọ̀rọ̀, mo wá ronú pé kí n kọ́kọ́ wá àpótí kejìlá ná, bóyá nǹkan ṣì kù nínú rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ àti àtúnṣe jọ jáde lẹ́ẹ̀kan. Bí mo ṣe tan ara mi nìyẹn.

Wọ́n pe olórí ẹ̀ka. Ẹni tó ń fa wáyà ní iná ló pa á rẹ́. Olùkọ́ kan tó ń kọjá lọ ní àrá ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, pé tẹlifíṣọ̀n òun náà lọ sí i. Olórí ẹ̀ka ní kọ̀ǹpútà tó ti gbó máa ń gbàgbé nǹkan bí àgbàlagbà. Mo ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Mọ̀mí jókòó sórí páálí kọ̀ǹpútà tuntun kan tí wọn kò tíì ṣí, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, “Bóyá èmi ni. Bóyá mo tẹ ohun tí kò yẹ kí n tẹ̀.” Ó wí i tó ìgbà mẹ́ta.

Bàbá tú àpótí keje, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí inú rẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó sì dé e padà. Kò wo ojú mi.

“Lábẹ́ ọwọ́ mi ló ti sọnù,” ó sọ fún olórí ẹ̀ka. “Orúkọ mi ni kí ẹ kọ.”

Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀sùn, kúẹ́rì, èyí tó kọ́kọ́ gbà láti ọjọ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì. Àwọn ènìyàn ti ń múra ìdágbére fún un tẹ́lẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, òun kò fẹ́.

Mo lọ sí Oǹdó ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ya ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi àtijọ́ fún mi ní fláàṣì kan tí ohun tí wọ́n fi ń wá iṣẹ́ tó sọnù wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé wà ní ìsinmi. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ló ṣílẹ̀kùn fún mi, ó sì dúró sójú ọ̀nà.

“Ṣé ẹ fẹ́ gbà wọ́n padà ni?”

“Rárá o. Ọ̀kan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.”

“Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ kì í fúnni ní nǹkan kí ọkàn yín kúrò níbẹ̀.”

“Ọmọ Oǹdó ni mí.”

“Ìyẹn tún wá burú jù. Ọmọ ilé ló fẹ́ wá kó wa lẹ́rù.” Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n wọlé.

Ó ti nu wọ́n, ó ti ran aṣọ fún wọn, ó ti kó ẹ̀kọ́ títẹ kọ̀ǹpútà sí inú gbogbo wọn. Mo wá àpótí kejìlá. Fláàṣì àkọ́kọ́ tí yóò wọ inú rẹ̀ látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, èmi ọlọ́pàá fláàṣì ni mo fi sí i. Ó ń wá a fún bíi wákàtí mẹ́ta. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó orúkọ jáde: Bọ́lọ́rundúró oṣù kìíní, Bọ́lọ́rundúró oṣù kejì. Mo ṣí ọ̀kan, àmì wúruwùru ló kún un. Mo ṣí òmíràn. Bákan náà. Ó rú mi lójú: báwo ni orúkọ ṣe kù tí ẹni tó ń jẹ́ ẹ kò sí? Àwòrán kan ṣoṣo ló ṣí, ìyẹn náà dé ìdajì. Lókè, ewé kòkó méjì, àti ìka ọwọ́ Mọ̀mí tó di rúlà mú. Nísàlẹ̀, àwọ̀ eérú lásán.

“Ṣé ohun tí ẹ ń wá nìyẹn?” ni olùkọ́ náà béèrè lẹ́yìn mi.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì, mo lọ bá a ní Ìjù. Ó wà lóko ẹ̀yìnkùlé, ó ń tu ẹ̀gẹ́. Mo kúnlẹ̀ sáàárín ebè. Kò ní kí n dìde, kò sì dá iṣẹ́ dúró.

“Bàbá, èmi ni.”

“Mo rí i pé ìwọ ni.”

“Rárá, sà. Ọ̀rọ̀ àpótí keje.”

“Mo ní mo rí i pé ìwọ ni. Gbogbo háàdì láàbù yẹn, èmi ni mo fi ìṣó ha àmì sí wọn lára. Ọjọ́ tí mo tú u níwájú wọn ni mo ti rí i pé ti kejìlá ló wà níbẹ̀. Ta ló tún lè ṣe é, bí kì í bá ṣe ìwọ?”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́, sà?”

Ó dúró wàyí, ó fara ti ọkọ́. “Mo ń dúró dè ọ́ ni. Lọ́jọ́ náà, mo ní, yóò sọ ọ́ kí wọ́n tó jáde. Lọ́jọ́ kejì, mo ní, yóò sọ ọ́ lọ́la. Nígbà tí kúẹ́rì dé, mo ní, ó dáa, á sọ ọ́ báyìí.” Ó mi orí. “Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún. Ibi tó yẹ kí ẹnu yín yá, ibẹ̀ lẹ ti di odi.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó fọwọ́ dá mi dúró.

“Gbọ́. Ọwọ́ tèmi náà wà níbẹ̀. Èmi ni mo ní kó má fi fláàṣì kó iṣẹ́ rẹ̀. Mo ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà, n kò ṣọ́ ẹni tó ń lò ó. Mo ti lọ sí Ìgbàrà-Òkè, mo ti sọ tèmi fún un, mo dọ̀bálẹ̀ fún un pẹ̀lú ewú yìí. N kò dárúkọ rẹ. Tìrẹ, ìwọ ni yóò lọ sọ ọ́.” Ó fa ẹ̀gẹ́ mẹ́ta tu, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́. “Gbé e lọ fún màmá rẹ.”

Mo gbé ẹ̀gẹ́ náà délé. N kò mọ̀ bóyá ìdáríjì ni tàbí oúnjẹ lásán. Màmá mi sè é, mo jẹ ẹ́.

Yunifásítì fún Mọ̀mí ní ọdún kan sí i, wọ́n ní ìyẹn ni ìkẹyìn. Àwọn igi rẹ̀ ṣì wà lóko, ṣùgbọ́n wọ́n ti ga. Gíga tí igi ga lọ́dún tó kọjá, ta ló lè padà lọ wọ̀n ọ́n? Ó ní láti gbin ọ̀dọ́ igi tuntun, oríṣi méjì dípò mẹ́ta, kó bẹ̀rẹ̀ látìlà kìíní. Nígbà tí mo gbọ́, mo pè é, mo ní n ó máa bá a lọ ní Sátidé tó bá ń lọ. Mo ti pinnu pé ojú ọ̀nà ni n ó ti sọ ọ́ fún un.

Ọ̀kadà méjì ló ń gbé wa wọ Bọ́lọ́rundúró, òun lórí tirẹ̀, èmi lórí tèmi, eruku láàárín wa. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀kadà. A ó dé oko, èmi á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ di rúlà mú, n ó ka ewé, òun á kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí èmi náà mú ìwé tèmi dání, kí n máa kọ ohun tó ń kọ, kí n máa tọ́jú tèmi sí Oǹdó.

“Ibi méjì,” ó wí. “Kò sí sọ́jà tó máa dá mi dúró lóko ara mi.”

Ó ń bá mi ṣàwàdà ni. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Mo sì ń rò ó títí a fi dé ìlà kẹrin: ṣé ó mọ̀ ni? Ó dà bí ẹni pé ó mọ̀, ó tún dà bí ẹni pé kò mọ̀. Mo ń wo ojú rẹ̀ bí mo ṣe máa ń wo kọ̀ǹpútà tó tàn tí nǹkan kan kò hàn lójú rẹ̀.

Sátidé tó kọjá, a jókòó sábẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ń jẹ ẹ̀pà. Ó ju èèpo rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Dókítà, n kò mọ ohun tí mo ṣe fún ọ tí o fi ń bá mi jẹ gbogbo ìyà yìí. Àwọn tí mo bí kò tẹ̀lé mi débí. Ọlọ́run á jẹ́ kí o rí ẹni tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ báyìí.”

Mo fẹ́ sọ ọ́ níbẹ̀. Mo mú rúlà nílẹ̀.

“Àmín, mà,” ni mo wí. “A ò tíì wọn igi kẹtàdínlógún o.”

A dìde, a lọ wọn igi kẹtàdínlógún. Ewé mọ́kànlá.

Ìwé kejì yẹn wà lọ́dọ̀ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo fi ojú ewé rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ lófìfo látìbẹ̀rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ọjọ́ tí iṣẹ́ yìí bá parí, ọwọ́ rẹ̀ ni n ó fi ìwé náà lé. Lánàá mo ra bíírò méjì. Mo fi pupa kọ ohun tí mo yọ nínú àpótí keje, mo fi búlúù kọ ibi tí mo fi í sí, mo kọ ọjọ́. Ibi tó yẹ kí orúkọ wà, mo gbé bíírò lé e, n kò kọ ọ́. Mọ̀mí ti sọ ọ́ látijọ́ pé bó bá sọnù, ọwọ́ mi ni òun yóò ti béèrè. Ó sọnù, kò sì tíì béèrè, èmi náà kò sì tíì dá a lóhùn.